Wọ́n ní agídí Ìdòwú ni: àkọsílẹ̀ ọmọ ọdún 9 kan tí kò lè kàwé ní Ilé-Ifẹ̀

Ìdòwú ni mo máa pè é nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n bí i, orúkọ náà sì wà lára ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Èṣù lẹ́yìn ìbejì ni wọ́n máa ń pe irú rẹ̀. Bí Ìdòwú bá ti ṣe ohun tí kò tẹ́ àgbà lọ́rùn, àlàyé ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó fà á.

Ọmọkùnrin ni. Kíláàsì kẹta ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan tí kò jìnnà sí Ìlódè, wọ́n sì ti mú un rìpíìtì kíláàsì kejì. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà àti èròjà ọbẹ̀ lọ́jà. Bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rewáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Àwọn ìbejì tó ṣíwájú rẹ̀, obìnrin làwọn méjèèjì, wọ́n ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ìwé ò sì fún wọn ní wàhálà kankan. Àlàbá, àbúrò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 5. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé.

Èmi jẹ́ olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún. Àwọn òbí rẹ̀ ló fún mi láyè láti kọ èyí, wọ́n kàn ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n gbé wá

Ìyá Ìbejì ló mú un wá, tòun ti lẹ́tà ilé-ìwé lọ́wọ́. Lẹ́tà náà ní ọmọ náà kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́, pé ó máa ń dá yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kàwé, àti pé bó bá ń bá a lọ báyìí, kíláàsì kẹta náà ló máa tún ṣe.

"Àǹtí, ọmọ yìí ò gọ̀ o," ni ìyá rẹ̀ wí kí n tó ní kó jókòó. "Bó bá wà ní ìsọ̀ mi, kò sí ẹni tó lè fi ṣéńjì rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà ní kó ṣíwèé, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún."

Mo bi í léèrè ìgbà tí inú rírun náà máa ń dé. Àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé ni. Bí wọ́n bá ti gba ọlidé, kò sí inú rírun mọ́. Ẹ má sọ pé irọ́ ni ọmọ náà ń pa. Ẹ̀rù máa ń mú inú run àgbàlagbà pàápàá.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi ni onírúurú àbá ti wọlé. Ìyá bàbá rẹ̀ ní agídí Ìdòwú ni, pé ẹgba ló máa lé e jáde. Ilé àdúrà kan ní wọ́n ti di ọpọlọ rẹ̀ láti ìdílé bàbá. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n ra awò ojú fún un. Wọ́n rà á, kò sì yí nǹkan kan padà. Wọ́n wá gba tíṣà lẹ́sìn, tíṣà yẹn sì nà án dáadáa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àdúrà o. Ìyá tó ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹgba ni mo ní kó dúró kíá, kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ohun tí ìwé rẹ̀ sọ

Ìwé díkítéṣọ̀n rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lójú ewé kan ṣoṣo, ọ̀nà mẹ́ta ló gbà kọ "school": shcol, scool, sohcl. Ọmọ tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sábà máa ń ṣi ọ̀rọ̀ kọ lọ́nà kan náà léraléra, torí ohun tó wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà mẹ́ta lójú ewé kan, ńṣe ló ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri. Ní ti Yorùbá, ó kọ "gbogbo" ní bogo, ó kọ "àgbàdo" ní abado. Ibi tó ti ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ojú pátákó, ó máa ń já sí agbede-méjì ọ̀rọ̀, torí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń gbójú sókè wò.

Nígbà tó wá ń kàwé fún mi, mo gbé ìwé kan fún un tó ní àwòrán ẹran kan lábẹ́ igi. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Àgùntàn wà lẹ́yìn ilé." Ìdòwú fi ìka sí i, ó gbóhùn sókè, ó ní, "Ewúrẹ́ ń jẹ koríko." Kò kọsẹ̀ rárá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán náà, mo ní kó tún un kà. Ó dákẹ́. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ọdún mẹ́rin tó ti fi wà nílé-ìwé, àwòrán àti etí ló fi ń la kíláàsì kọjá: ohun tí ẹni iwájú bá kà ni yóò há sórí, bó bá sì kan òun, á dá yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ kí tíṣà lè lé e síta. Ẹni tí wọ́n lé síta ò ní kàwé níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni ilé-ìwé ń pè ní agídí.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló ni ẹjọ́ ni?

Kí n tó dárúkọ dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà àti àkọtọ́ tí wọ́n ń bí mọ́ ènìyàn, fún ẹnikẹ́ni, àwọn nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ kúrò. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò ní ọsibítù ńlá. Ojú dáa, etí dáa. Awò tí wọ́n rà ò sì wúlò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í pa ilé-ìwé jẹ. Tíṣà kan náà ló kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń kàwé, nítorí náà kì í ṣe pé wọn ò kọ́ ọ.

Èyí tó le níbẹ̀ ni ti èdè. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni wọ́n ń fi èdè tí wọn ò gbọ́ kọ́ ní ìwé kíkà, bí wọn ò bá sì mọ̀ ọ́n kà, a ní olódo ni wọ́n. Ó sì yẹ kí Ilé-Ifẹ̀ mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ. Níbí ni Institute of Education ti Yunifásítì Ifẹ̀ ayé ìgbà náà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, ní ilé-ìwé St Stephen's 'A' ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ìyókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó pẹ́ tí ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Àwa òbí àti àwọn tó ni ilé-ìwé aládàáni la kọtí ikún sí i.

Nítorí náà, bí ọmọ bá kàwé Yorùbá dáadáa tó sì kọsẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ kọ́ ọ, ẹ má wá àìsàn fún un. Ṣùgbọ́n bó bá ń kọsẹ̀ nínú Yorùbá náà, ẹ dúró wò ó. Lẹ́tà 25 ni ábídí wa ní, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ò sì fi bẹ́ẹ̀ yí ìró rẹ̀ padà. "B" tó wà nínú "bàtà" náà ló wà nínú "ọbẹ̀". Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà wo "though" àti "through". Nínú àwọn èdè tí àkọtọ́ wọn rọrùn bíi tiwa, bí ìtàlì tàbí ti ilẹ̀ Finland, ọmọ tó ní dyslexia lè pe ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ níkẹyìn, àmọ́ yóò falẹ̀ gan-an. Ìfalẹ̀ yẹn ló máa ń tàn wá jẹ, tí a ó ní ọ̀lẹ ni.

Ìdòwú ṣe dáadáa díẹ̀ nínú Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn ọlọ́rọ̀ márùn-ún gba gbogbo agbára rẹ̀. "Gb" di "b" tàbí "g". Ẹ àti e ò yàtọ̀ sí ara wọn lójú rẹ̀.

Ohun tí etí rẹ̀ ò gbọ́

Ibí ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ pé mo mọ ohun tí mo ń wò, ìwé ò sì sí lọ́wọ́ wa rárá.

Mo ní, "Bàtà, búrẹ́dì, fìlà: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò dún bíi ti àwọn tó kù?"

Ó ronú díẹ̀. "Búrẹ́dì ni, mà. Jíjẹ ni búrẹ́dì, wíwọ̀ ni àwọn méjì tó kù."

Ìdáhùn ọlọgbọ́n nìyẹn, kò kàn bá ìbéèrè mu ni. Mo tún un bi í pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn, mo fi àpẹẹrẹ hàn án, ìtumọ̀ ló ń padà sí ní gbogbo ìgbà. Mo ní kó pe "àgbàdo" kó yọ "à" iwájú kúrò. Ó ní "àdo". Mo ní kó yọ "pá" kúrò lára "pátákó". Ó ní "igi".

Mo wá bi í bóyá ó gbọ́ ẹ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ládùúgbò ọlọ́mọ púpọ̀ á rántí: ọmọ á máa ki "g" bọ ẹ̀yìn sílébù kọ̀ọ̀kan kí àgbà má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, "wá" á di "wágá", "bàbá" á di "bàgàbágá". Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun máa ń fi sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn, pé òun ò gbọ́ ọ rárá, òun ò sì lè sọ ọ́. Ẹ̀nà ò sí nínú ìwé ìdánwò àwọn onímọ̀, àmọ́ mi ò tíì rí ohun tó dà bí i fún ọmọ Yorùbá: ẹni tó bá lè sọ ọ́, ó ti ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀ láìmọ̀. Ọmọ tí kò bá ẹni tó ń sọ ọ́ gbé lè má gbọ́ ọ, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan. Ti Ìdòwú yàtọ̀, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí i létí.

Mo tún to àwòrán márùn-ún tó mọ̀ dunjú, ajá, ilé, ẹja, ọwọ́, bọ́ọ̀lù, mo tún wọn tò lọ́nà oríṣiríṣi títí wọ́n fi kún ojú ewé, mo ní kó máa dárúkọ wọn kíákíá. Kò ṣì wọ́n pè. Ṣùgbọ́n ó ń dúró kó tó rí orúkọ kọ̀ọ̀kan mú, bí ẹni pé orúkọ náà jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ pàápàá, láti Ajé dé Àìkú, ó fo Ọjọ́rú, ó sì gbé Ẹtì ṣíwájú Ọjọ́bọ̀.

Níkẹyìn, mo pa àlọ́ Ìjàpá kan tó gùn fún un, mo ní kó tún un pa fún mi. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó tún fi ohùn Ìjàpá àti ti Yánníbo sí i.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n mú un lọ bá onímọ̀ nípa ìrònú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé kan ní Ìbàdàn, nítorí irú rẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ di àkọsílẹ̀. Olùkọ́ bíi tèmi lè fura, kò lè dájọ́. Ìròyìn tó ti ibẹ̀ wá ni pé òye ọmọ náà péye fún ọjọ́ orí rẹ̀, pé dyslexia ló ní.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó jẹ́, kí n sì sọ ohun tí kì í ṣe. Oníṣègùn ojú kan ní Jámánì, Rudolf Berlin, ló kọ́kọ́ fi orúkọ náà síta ní àwọn ọdún 1880. Ní 1896, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Percy, tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ní Precy. Olùkọ́ ọmọ yẹn ní bó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, òun ni ì bá gbọ́n jù nínú ilé-ìwé náà. Ibi tí ọpọlọ ti ń pa àwòrán ọ̀rọ̀ mọ́ ni Morgan rò pé ó kàn, ìdí nìyẹn tó fi pè é ní ìfọ́jú ọ̀rọ̀. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ gbà pé ìró ọ̀rọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ọpọlọ kì í tètè gé ọ̀rọ̀ sí ìró wẹ́wẹ́, kò sì rọrùn fún un láti so ìró mọ́ lẹ́tà. Wọ́n ń bí i mọ́ ènìyàn ni, ó ń rìn nínú ẹbí, kò sì ní oògùn. Nínú ọmọ 100, wọ́n sábà máa ń ṣírò rẹ̀ sí 5 sí 10 tó ní in. Bí kíláàsì bá ti ní ọmọ 40, ẹ wò ó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ pé ọmọ ń kọ b bí d, òun ni gbogbo ènìyàn ń mú bọ̀ wá bá mi. Títí di ọmọ ọdún 7, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá ló ń ṣe é. Òun nìkan ò tó ẹ̀rí. Mi ò sì sí lára àwọn tó ń sọ pé gbogbo ọmọ tó ní dyslexia ni Ọlọ́run fi ẹ̀bùn àràmàǹdà kan san án padà fún. Àwọn kan ní ẹ̀bùn, àwọn kan jẹ́ ọmọ lásán bíi gbogbo ọmọ, wọ́n sì yẹ ní kíkọ́ bákan náà.

Bàbá Ìbejì

Torí pé ó ń rìn nínú ẹbí, mo béèrè ẹni tó nírú rẹ̀ rí. Ìyá Ìbejì ní kò sí ní ìdílé tòun. Bàbá ò dáhùn, ó ń fi ìka họ eruku orí tábìlì. Ó ṣe, ó ní, "Mà, kíláàsì karùn-ún ni mo ti sá. Wọ́n nà mí títí. Ẹ bi ìyàwó mi, fóísì nóòtì nìkan ni mo ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp." Ìyàwó rẹ̀ yíjú wò ó. Mo rò pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ò kàn jọ sọ ọ́ rí.

Òun ni mo wá dojú àlàyé kọ. Mo ní: bátìrì dáa, gílóòbù dáa, wáyà tó so wọ́n pọ̀ ló tinrin, iná ò fi ń kọjá dáadáa, a ò lè yọ wáyà yẹn, a máa fa òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, ó sì máa pẹ́. Ó ní òun gbọ́ ìyẹn. Ọjọ́ yẹn ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ nílé pé kó yé pe ọmọ náà ní alágídí.

Ohun tí a ṣe

Kò sí idán níbẹ̀. Ọ̀nà tí Samuel Orton àti Anna Gillingham là sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930 ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń tẹ̀lé, a kàn yí i sí Yorùbá: ìró kan lẹ́ẹ̀kan, létòlétò, kí ojú rí i, kí etí gbọ́ ọ, kí ẹnu pè é, kí ọwọ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iyanrìn la dà sínú tíréè. Á fi ìka fa "b", á máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń fà á, kì í ṣe orúkọ lẹ́tà. "Gb" ni mo kọ sórí káàdì kan ṣoṣo, mo fi àwọ̀ pupa kan náà kọ méjèèjì, kó lè yé e pé lẹ́tà méjì ni, ìró kan ni. Orí ohùn ni nǹkan ti kọ́kọ́ yá. Dò, re, mí ò fún un ní wàhálà, ó tètè ń mọ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ bí mo bá pè é. Ó sì bà mí nínú jẹ́ pé ìwé tí wọ́n ń lò ní kíláàsì rẹ̀ ò ní àmì ohùn kankan lórí, wọ́n ti yọ ohun tí ọmọ yìí ì bá dì mú dànù.

A ò fọwọ́ kan Gẹ̀ẹ́sì fún odindi táàmù kan. Ìyá rẹ̀ kùn. Ó ní owó Gẹ̀ẹ́sì lòun ń san nílé-ìwé. Mo ní kó fún mi láyè.

Ilé-ìwé ló nira jù. Tíṣà rẹ̀ ò burú, ọmọ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bi mí pé bí òun bá ń ka ìbéèrè fún ẹnì kan, kí ni òun máa sọ fún àwọn tó kù? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí: kò ní pè é dìde láti kàwé sókè mọ́, á jẹ́ kó fẹnu dáhùn ìbéèrè sáyẹ́ǹsì, ìṣirò tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú, ẹni tó jókòó tì í á kà á fún un. Mo tún bẹ̀bẹ̀ fún àfikún àkókò nígbà ìdánwò. Ọ̀gá ilé-ìwé ò gbà á, ó ní àwọn òbí yòókù á pariwo. Ibẹ̀ la wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Táàmù méjì ti kọjá. Ìdòwú ń ka ìtàn Yorùbá kékeré kan parí, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣì jìnnà. Àkọtọ́ rẹ̀ ò tíì dáa, ó sì ṣeé ṣe kó má dáa tán láé. Inú rírun ti dín kù, kò tíì lọ pátá. Ìdánwò tó kọ́kọ́ fẹnu dáhùn nínú sáyẹ́ǹsì, ó gbé ipò kẹrin, àwọn kan nínú kíláàsì sì ní tíṣà ló sọ ìdáhùn fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ìbejì mú Àlàbá náà wá. Bí òbí kan bá ní in, ewu kí ọmọ rẹ̀ ní in lè sún mọ́ ìdajì, torí náà ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Ọmọ ọdún 5 ò tíì tó ẹni tí à ń ní kó kàwé. Ohun tí mo wò ni bóyá ó tètè sọ̀rọ̀, bóyá ó ń da ìró inú ọ̀rọ̀ rú, bóyá orin ọmọdé ń dúró sí i lórí, bóyá ó lè pàtẹ́wọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ní sílébù-sílébù. Ó pàtẹ́wọ́ mẹ́rin sí "labalábá" láìṣe àṣìṣe. Orin ò dúró sí i lórí. Mo ní kí wọ́n mú un padà wá nígbà tó bá wọ kíláàsì kìíní, kí wọ́n sì máa bá a ṣeré ọ̀rọ̀ nílé títí ìgbà náà. Ìdòwú ní òun máa kọ́ ọ ní ẹ̀nà. Ìyá wọn ní kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná.